Àpò Ìko Ìyá Títù

Obìnrin kan wà ní abúlé Odò-Ìko tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Efúnyẹmí. Ìko tó hù sí etí odò abúlé náà ni ó fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Yóò gé e, yóò bó o, yóò sá a sóòrùn, yóò sì fi hun àpò àti ẹní. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mọ̀ mọ́. Òwú pupa ni ó máa ń fi rán etí àpò ní ìlà mẹ́ta, ìlà kẹta a sì máa wọ́ díẹ̀ sí ọwọ́ òsì, bí ẹni pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, Títù Ayélàágbé, tí òun máa ń fi oríkì rẹ̀ pè ní Àlàmú. Ní ọjọ́ tí Títù kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́n, ìyá rẹ̀ hun àpò kékeré kan fún un, kí síléètì rẹ̀ má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Àpò náà kò tóbi ju ikùn ewúrẹ́ kékeré lọ. Títù gbé e kọ́ èjìká fún ọdún mẹ́fà, kò sì ya.

Títù mọ̀wé. Ó di tíṣà, nígbà tó yá, ó di ọ̀gá ilé-ìwé ní ìlú Ìdó-Orógbó, ìrìn ìdajì ọjọ́ sí Odò-Ìko. Òkìkí èdè Òyìnbó rẹ̀ kàn ká. Wọ́n ní bí ènìyàn bá dúró sí ìta tí Títù ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, yóò búra pé Òyìnbó ló wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń yìn ín kò mọ̀ ni pé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Òyìnbó kan wá yẹ ilé-ìwé wò, ó gbọ́ bí Títù ṣe pe ọ̀rọ̀ kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ áńkáṣíìfù nu ojú, níwájú àwọn ọmọ kíláàsì. Títù kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ìyàwó rẹ̀, Fébè. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì sọ ọ́.

Nígbà tí Fébè bí ọmọbìnrin kan fún un, Títù pinnu pé kò sí ẹni tí yóò fi ọmọ tòun rẹ́rìn-ín láé. Ó sọ ọ́ ní Dọ́rà. Efúnyẹmí náà wá síbi ìkómọ, ó gbé ọmọ sókè, ó sì fún un ní oríkì: Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sí Odò-Ìko, kò sẹ́ni tó pe ọmọ náà ní Àwẹ̀ró mọ́. Òfin ti wọ ilé. Títù ní èdè Òyìnbó nìkan ni wọn yóò máa sọ nínú ilé òun.

Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú àpò síléètì àtijọ́ jáde, ó kó òkúta mẹ́ta sínú rẹ̀, ó sì fi í kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín. Àpò náà ló kàn wà nítòsí. Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ilé, ọrùn rẹ̀ ni wọn yóò so àpò náà kọ́, kò sì ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àfi bí ẹlòmíràn bá sọ Yorùbá lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ni àpò yóò kúrò lọ́rùn ti àkọ́kọ́ bọ́ sọ́rùn ti ìkejì.

Ní àràárọ̀, Títù a fi òwú so ìyẹ́ adìyẹ kan rọ̀ níwájú ẹnu Dọ́rà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi ètè méjèèjì fẹ́ atẹ́gùn jáde bí wọ́n bá ń pè é. Bí Dọ́rà bá pè é tí ìyẹ́ náà fò, Títù gbà á. Bí kò bá fò, yóò tún un pè. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ahọ́n gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ láàárín eyín kí ó tó jáde. Títù a gbé dígí síwájú ọmọ náà kí ó lè rí ahọ́n ara rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà.

Fébè kò kàwé púpọ̀. Òyìnbó tó mọ̀ kò ju “yẹ́sì” àti “nó” lọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó wà fún omi, oúnjẹ, máa bọ̀, máa lọ. Lẹ́yìn tó ti gbé àpò kọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan, ó dákẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kún inú rẹ̀, yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn adìyẹ, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa sọ ọ́ fún wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Dọ́rà a máa yọjú wò ó láti ojú fèrèsé. Kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Dọ́rà pé ọmọ ọdún mẹ́fà, tọkọtaya Òyìnbó kan nínú àwọn míṣọ́n fẹ́ padà sí ìlú wọn. Wọn kò bímọ. Wọ́n gbọ́ bí Dọ́rà ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì ní àwọn yóò mú un lọ, àwọn yóò tọ́ ọ, àwọn yóò sì rán an lọ sílé-ìwé. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni wọn yóò lọ. Títù gbà, inú rẹ̀ dùn débi pé kò sùn.

Ìròyìn dé Odò-Ìko. Efúnyẹmí gbé ọ̀pá, ó di ẹrù iṣu, ó fi orúnkún tó ń dùn ún rìn dé Ìdó-Orógbó. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ọmọ ọmọ òun dá òun lóhùn kí ó tó lọ. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, “Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró, ọmọ mi, ìwọ rèé!”

Dọ́rà wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀.

“Ṣé ara ọmọ yìí ò yá ni?” ni Efúnyẹmí bi Fébè nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé.

“Ara rẹ̀ yá, Ìyá. Ẹ má bínú. Bó bá fi lè dá yín lóhùn, àpò ni.”

“Àpò wo?”

Fébè tẹ orí ba. Ó ní, “Òyìnbó nìkan ni Tíṣà fẹ́ máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, Ìyá.”

Efúnyẹmí wo àwọn adìyẹ tó yí Fébè ká. Ó ní, “Ó dáa. Bó bá jẹ́ Òyìnbó ló fẹ́ gbọ́, màá lọ wá díẹ̀.”

Láti ọjọ́ kejì ni arúgbó náà ti ń jáde lọ sí ìgboro. Ó dé ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà kan tó ń fá pákó lábẹ́ igi.

“Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń pe èyí tí o ń kàn yìí?”

“Tábìlì ni, Ìyá.”

“Òyìnbó ni?”

“Àwọn ló gbé e wá. Ta lẹ fẹ́ bá jà lédè Òyìnbó, Ìyá?”

“Ọmọ ọmọ mi ni. Mi ò fẹ́ bá a jà, mo fẹ́ kí i. Èyí ńkọ́?”

“Pákó ni.”

“Ìyẹn tèmi. Tiwọn ni kí o fún mi.”

Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní “kọ́bọ́ọ̀dù” lé e. Ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, ó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Orí rẹ̀ kò gba nǹkan mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó mú okùn ìko kan, ó sì ń ta kókó kan sí i fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, kókó méjìlá ló wà lára okùn náà. Ó so ó mọ́ ìdí ìró rẹ̀. Bó bá jókòó lóun nìkan, yóò máa fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ètè rẹ̀ yóò sì máa mì.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí Dọ́rà lọ, wọ́n jókòó sí ìdí oúnjẹ àárọ̀. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, tíì wà níbẹ̀. Efúnyẹmí fi ọwọ́ wá okùn rẹ̀ lábẹ́ ìró. Ó mí kanlẹ̀.

“Dọ́rà,” ni ó wí. Kò pè é ní Àwẹ̀ró, nítorí ó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe Òyìnbó. “Dọ́rà. Búrẹ́dì. Ṣúgà. Tábìlì.” Ìka rẹ̀ kúrò lórí kókó kan bọ́ sí òmíràn. “Gíláàsì.”

Ẹnu ọmọ náà là. Ó yé e! Ó tẹ́ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí ìyá àgbà, ó rẹ́rìn-ín dé eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ó sì pariwo bí arúgbó náà ṣe pè é gan-an: “Búrẹ́dì! Màmá, búrẹ́dì!”

Títù gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kan lédè Òyìnbó.

“Kí ló wí?” ni Efúnyẹmí bèèrè.

“Ó ní ta ló sọ Yorùbá,” ni Fébè fi ohùn kékeré wí.

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ o. Òyìnbó lèmi sọ.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, Títù fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Ó ní, “Ìyá, èyí tí ẹ̀ ń sọ yìí kì í ṣe Òyìnbó. Ẹ ti kán an lápá, ẹ ti kán an lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ lò láàárín ìgboro, tí ẹ ń ṣa àfọ́kù ọ̀rọ̀ jọ wá fún ọmọ mi. Bó bá sọ ọ́ báyìí lọ́hùn-ún, wọn á fi í rẹ́rìn-ín.”

“Àlàmú, bàbá mi ò mọ búrẹ́dì títí ó fi kú. Bí kì í bá ṣe Òyìnbó, ti ta ni?”

“Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́.”

“Háà. Ìyàwó tí a fẹ́ wálé, bó bá pẹ́ tó bímọ, kì í di ìyá ilé ni? Búrẹ́dì ti bímọ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ jẹ ẹ́, ó dá mi lóhùn. Èwo ló kù?”

Títù dìde, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé àpò wá, ó sì so ó kọ́ Dọ́rà lọ́rùn. Òkúta mẹ́ta ró nínú rẹ̀. Orí ọmọ náà tẹ̀ síwájú. Búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun jẹ ẹ́ tàbí kí òun gbé e kalẹ̀.

Ojú Efúnyẹmí bọ́ sára àpò. Ó rí òwú pupa. Ìlà kan, ìlà méjì. Ìlà kẹta wọ́ sí ọwọ́ òsì.

Ó ní, “Àlàmú. Àpò síléètì rẹ rèé.”

Títù wo inú kọ́ọ̀pù rẹ̀. Fébè sì rọra sọ òfin àpò náà sí arúgbó náà létí.

Arúgbó náà dìde, ó bọ́ àpò lọ́rùn ọmọ, ó sì gbé e kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

“Ìyá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

“Ta ni kí n sọ̀ ọ́ fún? Mo gbọ́ òfin rẹ báyìí, Fébè ti sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá sọ Yorùbá lẹ́yìn mi ló ni ín. Ta ló sọ ọ́ lẹ́yìn mi, Àlàmú?”

Títù na ọwọ́ sí àpò náà, ó tún fà á padà.

“Ìwọ ni. Ọrùn rẹ ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ìyá kì í so irú èyí kọ́ ọmọ lọ́rùn. Màá máa bá ọ gbé e lọ. Ọjọ́ tí o bá fi ẹnu ara rẹ bèèrè rẹ̀, ó wà ní Odò-Ìko.”

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Dọ́rà sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó la ẹnu láti pe ẹni tó ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyẹ́ adìyẹ so rọ̀ jẹ́ẹ́ lórí òwú rẹ̀. Kò mì rárá.

Efúnyẹmí rìn dé Odò-Ìko pẹ̀lú òkúta mẹ́ta ní àyà. Ó fi àpò náà kọ́ èèkàn tó wà lára ògiri yàrá rẹ̀, ó so okùn oníkókó méjìlá mọ́ ọn létí, kò sì kàn án mọ́. Ní ọdún kẹta, ó kú. Títù wọ kóòtù wá sin ín, ó padà lọ́jọ́ kejì. Kò wọ yàrá náà.

Dọ́rà ti lọ. Lẹ́tà rẹ̀ ń dé. Títù a máa kà á sókè fún àwọn àlejò tí kò gbọ́ ọ, wọn a máa mi orí, wọn a ní èyí mà dùn o. Fébè a gba fọ́tò inú rẹ̀, a fi í pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọdún ń gorí ọdún. Títù fẹ̀yìn tì, ọ̀gá tuntun gba ilé tíṣà, tọkọtaya náà sì kó padà sí Odò-Ìko, sínú ilé Efúnyẹmí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Títù ń bọ́jú, ó sì ṣubú sórí ọpọ́n omi. Nígbà tó jí lórí ibùsùn nínú yàrá ìyá rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀ lédè Òyìnbó, kò rí i. Ó wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò tó ti jò. Ó fẹ́ béèrè omi bí àwọn Òyìnbó ṣe ń béèrè rẹ̀, ètè rẹ̀ pàdé, ó ya, “omi” ló jáde. Ó tún gbìyànjú. “Omi.” Ó sunkún. Gbogbo ohun tó fi ogójì ọdún kó jọ ti lọ, èyí tó sọ nù nìkan ló kù sí i lẹ́nu.

Fébè bẹ ẹnì kan kó bá òun kọ lẹ́tà, Dọ́rà sì wá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó ga, ó wọ bàtà tó ń wọnú ẹrẹ̀. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Òyìnbó rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí ìyẹ́ bá so rọ̀ níbẹ̀, ìbá fò dé àjà. Títù ń wò ó lẹ́nu. Kò yé e ju bí òjò lórí páànù lọ.

“Àwẹ̀ró,” ni Títù wí.

Dọ́rà wo ìyá rẹ̀.

“Àwẹ̀ró,” ni ó tún wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Àwẹ̀ró, ọmọ mi.”

Dọ́rà bi ìyá rẹ̀ lóhùn jẹ́jẹ́ lédè Òyìnbó pé ta ni Àwẹ̀ró. Fébè wá ọ̀rọ̀ nínú ìwọ̀nba tó mọ̀, kò rí èyí tó tó o. Ó fi ìka kan àyà ọmọ rẹ̀. Dọ́rà mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ó sì sọ orúkọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè yé wọn dáadáa.

“Kí ló wí?” ni Títù bèèrè.

“Ó ní òun kọ́,” ni Fébè dáhùn. “Ó ní Dọ́rà lòun ń jẹ́.”

Títù yí ojú sí ògiri. Àpò náà wà níbẹ̀ lórí èèkàn, eruku ti bo òwú pupa. Ó wò ó pẹ́.

“Fébè, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi. Tèmi ni.”

Fébè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Dọ́rà rí okùn tó so mọ́ ọn, ó fi ìka kan kókó kan, kan òmíràn, ó gbójú sókè bí ẹni ń béèrè. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn kókó náà ni búrẹ́dì. Ó fi okùn náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó rí i tí ìyá rẹ̀ so àpò kọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ẹ̀rù bà á, ó rò pé oògùn ni, ó sì fẹ́ bọ́ ọ. Títù fi ọwọ́ òsì dì í mú.

“Nó,” ni Fébè sọ fún ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Dọ́rà lò, ó sì padà síbi tó ti wá. Títù kò bọ́ àpò náà títí ó fi kú nígbà òjò. Àwọn ará abúlé tó ń wá kí i kì í lè ṣe kí wọ́n má béèrè.

“Tíṣà, kí lẹ so kọ́rùn báyìí?”

Yóò rọra fi ahọ́n tó ti wúwo dáhùn, lédè tó ti fi òkúta lé jáde nílé rí: “Àpò ìyà ni. Ilé ni mo sọ nù, òun ni mo rí so kọ́.”

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí oko, wọ́n gbé e lọ sí odò, wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn, títí ó fi di òwe lẹ́nu àgbà pé: ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́.